Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìpàdé CBN: bí owó ẹgbẹ́ wa ní Kubwa ṣe rí lọ́dún 2024

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbèrò àti kọ èyí sílẹ̀, torí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pọ̀ ní Abuja níbí, ti Nyanya wà, ti Lugbe wà, ti Gwagwalada wà, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiwa sì lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń bá èèyàn tọ́jú owó. Èmi ni akọ̀wé owó ẹgbẹ́ wa ní Kubwa, ìwé wà lọ́wọ́ mi, gbogbo iye tí mo bá dárúkọ nípa owó wa, inú ìwé yẹn ni mo ti ń wò ó kọ.

Èèyàn 34 ni wá. Yorùbá ló pọ̀ jù, ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìkàrẹ́. Kíláàsì nọ́sìrì kan la ti ń ṣèpàdé, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ká tó bẹ̀rẹ̀ a ó kọ́kọ́ kó àwọn àga kéékèèké tàwọn ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ìparí Jánúárì 2024, ₦14.2 mílíọ̀nù ló wà nínú àkáǹtì wa. Owó tíṣà ni, owó télọ̀, owó awakọ̀, owó Màmá Alákàrà tó ti ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti bí ọdún 15. Mo ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe owó téèyàn fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Onípáàtì lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Páàtì mọ́tò ló ń tà ní Apo Mechanic Village, òun àtàwọn mẹ́ta míì ló jọ pín kọ̀ńténà kan, ṣọ́kù àti bíréèkì páàdì ló pọ̀ jù nínú tiẹ̀, ẹrù náà sì ti dé èbúté l'Ékòó láti Jánúárì. Ajẹ́ǹtì ti bá a ṣírò gbogbo owó Kọ́sítọ́ọ̀mù pọ̀, duty àti gbogbo owó tó so mọ́ ọn, ó jẹ́ $4,000 tá a bá fi dọ́là sọ ọ́. Ẹni tí ò bá ṣe irú òwò yìí rí lè má mọ̀ pé náírà lèèyàn ń san fún Kọ́sítọ́ọ̀mù, àmọ́ dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé ẹrù, CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ló wá ń sọ iye tí wọ́n á fi yí dọ́là yẹn padà sí náírà. Ní Dìsẹ́ńbà 2023, bíi ₦952 ni iye yẹn. Ẹ ṣe é lọ́nà 4,000, ₦3.8 mílíọ̀nù ni, Bọ̀ọ̀dá sì ti to owó yẹn jọ, kọ́bọ̀ ò dín.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Fẹ́búárì, CBN gbé e sí bíi ₦1,357. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tún di bíi ₦1,413. Ẹrù yẹn náà ni o, páàdì yẹn náà ni, kò sẹ́ni tó fi ẹyọ kan kún un, àmọ́ owó tó fẹ́ san ti kúrò ní ₦3.8 mílíọ̀nù ó ti di ₦5.65 mílíọ̀nù láàárín ọjọ́ méjì. Nígbà tó wá sípàdé ní ọjọ́ Àìkú 4 Fẹ́búárì, kò jókòó, ó kàn fara ti pátákó ìkọ̀wé, ó ní "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ₦1.85 mílíọ̀nù ló kù mí kù, gbogbo ọjọ́ tí ẹrù yẹn bá lò ní èbúté, owó ni."

Kí ló dé tí iye yẹn fi ń fò bẹ́ẹ̀? Mo fẹ́ dúró síbí díẹ̀ torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà, títí kan èmi náà nígbà yẹn.

Ní 14 Júùnù 2023, CBN kó gbogbo oríṣiríṣi iye dọ́là tí wọ́n ń lò jọ sójú kan, wọ́n ní kí ọjà fúnra ẹ̀ sọ iye tó tọ́. Dọ́là tó wà ní bíi ₦471 lọ́dọ̀ ìjọba kọjá ₦660 lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nígbà tó fi máa di ìparí Jánúárì 2024, iye tìjọba ti kọjá ₦1,400, Kọ́sítọ́ọ̀mù sì tẹ̀ lé e. Ohun tí gbogbo wa rí nìyẹn. Èyí tá ò wò ni ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Fún ọdún bíi mélòó kan ni ìjọba àpapọ̀ ń náwó ju èyí tó ń wọlé fún un lọ, CBN ló sì ń yá a, Ways and Means ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Òfin CBN ti 2007 sọ pé irú ẹ̀yáwó yìí ò gbọdọ̀ ju 5% owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n jẹ́ kó di nǹkan bíi ₦22.7 tírílíọ̀nù. Ní Méè 2023, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i pé kó di gbèsè ọlọ́dún 40, èlé 9%. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò dáadáa: owó tí CBN yá ìjọba báyìí kì í ṣe owó tẹ́nì kan ti kọ́kọ́ fi pamọ́ síbì kan, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ni, owó tuntun ni. Tó bá ti bọ́ sígboro, á máa wá ohun tó máa rà, ìrẹsì, ilẹ̀, sìmẹ́ńtì, dọ́là. Nígbà tí náírà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí dọ́là ò sì pọ̀ sí i, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Dọ́là gan-an ò wá wọlé. CBN jẹ àwọn èèyàn ní owó dọ́là tó tó nǹkan bíi $7 bílíọ̀nù, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú òkèèrè wà lára wọn, wọ́n ti ta tíkẹ́ẹ̀tì ní náírà wọn ò rí dọ́là kó lọ sílé. Àwọn bàbá wa ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí ò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, ta ló máa gbé dọ́là tuntun wá sílùú tí ẹni tó gbé ti àná wá ò tíì rí tiẹ̀ gbà? Wọ́n tún ti fi ọdún mẹ́jọ sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ kó àwọn ọjà bí 40 kan wọlé má ṣe wá sọ́dọ̀ ìjọba wá dọ́là, Júùnù 2015 ló bẹ̀rẹ̀, Òkìtóbà 2023 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀, gbogbo àwọn oníṣòwò yẹn, ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ dọ́là nígboro, bíi Zone 4 ní Abuja níbí àti Wapa ní Kánò, ni wọ́n ń lọ. Òfin òwò ló kó wọn débẹ̀, nígbà tí wọ́n sì débẹ̀ tán, ibẹ̀ ló wá di ojúlé ọjà fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ká padà sí ìpàdé. A gbà láti yá Bọ̀ọ̀dá lówó, àmọ́ òfin ẹgbẹ́ wa ni pé ó di ọjọ́ 14 kí owó tó ju ₦1 mílíọ̀nù tó lè jáde, àti pé onídùúró méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. A ò yẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Ọjọ́ kan náà yẹn làwọn ọ̀dọ́ inú wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ká kó owó tó kù sínú dọ́là, dọ́là ti kọjá ₦1,450 ní Zone 4 lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ní bá a bá fi náírà sílẹ̀ á rà mọ́ wa lọ́wọ́. Màmá Alákàrà ló dá wọn dúró. Ó béèrè nǹkan kan tí mi ò gbàgbé: "Ìjọba tẹ́ ẹ ní ó ń yáwó kiri yìí, ta ló ń yá a, èló ló sì ń san lé e?"

Mo ṣàlàyé treasury bill fún wọn. Ìjọba á gba owó lọ́wọ́ ẹ, á san án padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà tàbí nǹkan bí ọdún kan, èlé ẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń yọ, ìyẹn ni pé o máa san iye tí ò tó ₦1 mílíọ̀nù lónìí, wàá gba ₦1 mílíọ̀nù lọ́jọ́ tó bá pé. Ní Jánúárì èlé ti ọlọ́jọ́ 364 ò tó 12%. Ní ọjọ́rú 7 Fẹ́búárì, CBN bá ìjọba tà á, ₦1 tírílíọ̀nù ni wọ́n gbé jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì jáde ní 19%. Báńkì wa ló bá wa fọwọ́ sí i. A san ₦4,052,600, a máa gba ₦5 mílíọ̀nù ní 6 Fẹ́búárì 2025. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ lórí owó tá a san gan-an, ó ju 23% lọ, torí èlé àkọ́yọ ni. Màmá béèrè pé tá a bá ń fẹ́ owó yẹn kó tó pé ńkọ́, mo ní wọ́n lè bá wa tà á, àmọ́ iye tí ọjà bá sọ lọ́jọ́ yẹn la máa gbà.

Kò pẹ́ rárá tá a fi rí ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ó ní bọ́ǹdù ìjọba àpapọ̀ ₦1 mílíọ̀nù, ìyẹn owó tó yá ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń san èlé 12.50% lé lọ́dọọdún, tó máa parí ní Jánúárì 2026. Bàbá fẹ́ tà á kó fi ran Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́, torí ìlú kan náà ni wọ́n ti wá. Oṣù yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, DMO, gbé bọ́ǹdù ₦2.5 tírílíọ̀nù wá sọ́jà, ₦360 bílíọ̀nù ni wọ́n gbé wá ní Jánúárì o, ẹ wo bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe tó. Ọlọ́dún méje 18.50%, ọlọ́dún mẹ́wàá 19%. Wàyí o, ta ló máa ra ti Bàbá tó ń san 12.50 ní ₦1 mílíọ̀nù pé, nígbà tí ìjọba kan náà ń san 19 fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Ẹni tó bá fẹ́ rí bíi 19% lórí ẹ̀, bíi ₦900,000 ló máa san. Bàbá wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kó ₦100,000 ẹ̀ lọ. Ìwé ẹ̀ ò yí padà, ìjọba ò sì kọ̀ láti san án, tó bá dúró di 2026 á gba owó ẹ̀ pé. Bí ìjọba ṣe ń yáwó tó lọ́dún yẹn ló já iye gbèsè tó ti jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ wálẹ̀. Bàbá gbé bọ́ǹdù ẹ̀ padà sínú fáìlì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn Abuja gbóná. Ilé epo, ọkọ̀ èrò, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, dọ́là ni gbogbo èèyàn ń sọ. Ní ọjọ́ Àìkú 18 Fẹ́búárì Alága pe ìpàdé pàjáwìrì. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan ní Kánò sọ pé á di ₦2,500 kí Àwẹ̀ tó parí. Àwọn èèyàn ń pariwo, "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ jẹ́ ká lọ!" Mo mọ̀, mo mọ̀ dáadáa, pé CBN fẹ́ ṣèpàdé lórí èlé ní 26 àti 27 oṣù yẹn, ìpàdé àkọ́kọ́ irú ẹ̀ látìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Olayemi Cardoso ti di gómìnà báńkì náà ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2023. Déètì yẹn wà nígboro. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ní "Ẹ ò ṣe jẹ́ ká dúró ọ̀sẹ̀ kan?" Ẹnì kan ní ọ̀sẹ̀ kan, ₦200 lórí dọ́là kan nìyẹn. Mi ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó yẹ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Fẹ́búárì, èmi àti Akápò lọ sí Zone 4 ní Wuse. Ibẹ̀ ò rí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, àwọn Mallam tó máa ń dúró sẹ́bàá títì tí wọ́n ń juwọ́ sí mọ́tò ti dín kù, EFCC ti ń wá kó èèyàn níbẹ̀ lóṣù yẹn. Inú mọ́tò tí wọ́n wé gíláàsì ẹ̀ sókè la ti ṣe é. Mallam náà, àgbàlagbà kan tó rọra ń sọ̀rọ̀, ka ẹyọ 27 fún wa, ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò pa kọ́là ẹni tó wà lórí owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ó rí gbàgìgbàgì lọ́wọ́, ó ya ẹyọ kan sọ́tọ̀ tó jẹ́ olórí kékeré, ìyẹn owó àtijọ́ tí àwòrán orí ẹ̀ kéré, ó ní òun ò ní fún wa nírú ìyẹn torí a ò ní rí i tà dáadáa. ₦1,850 lórí ẹyọ dọ́là kan. ₦4,995,000 ni mo fi ránṣẹ́ látorí fóònù. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba pé kò yẹ ká rà á níbẹ̀ rárá, kò bófin mu, ká sọ pé wọ́n kó wa lọ́jọ́ yẹn, kí la fẹ́ wí fún Màmá Alákàrà?

Ọjọ́ kejì ẹ̀, owó Bọ̀ọ̀dá jáde. Iye tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ń lò ti kọjá ₦1,500 nígbà yẹn. ₦1.85 mílíọ̀nù tó béèrè ò tó mọ́, ₦2.3 mílíọ̀nù la yá a, ó fi kún ₦3.8 mílíọ̀nù ẹ̀, ó san ₦6.1 mílíọ̀nù ní ọjọ́bọ̀ 22 Fẹ́búárì. Òfin ọjọ́ 14 wa ló jẹ ₦450,000 yẹn, mo ti ṣí ìwé yẹn wò tó ìgbà mẹ́wàá. Ọjọ́ Ẹtì, 23 Fẹ́búárì, ọjọ́ kejì tó sanwó, CBN gbé ìwé jáde pé láti 26 Fẹ́búárì, iye dọ́là ọjọ́ tí oníṣòwò bá ṣí Form M, ìyẹn fọ́ọ̀mù téèyàn ń kọ́kọ́ kọ ní báńkì tó bá fẹ́ kó ẹrù wọlé, ni kí Kọ́sítọ́ọ̀mù máa lò títí ẹrù á fi jáde, kí àwọn èèyàn lè mọ iye tí wọ́n fẹ́ san. Òfin yẹn dáa gan-an. Láti ọdún yẹn wá mo ṣì ń rò ó pé kí ló dé tí wọn ò ṣe é ṣáájú kí wọ́n tó yí iye padà léraléra láàárín oṣù kan, torí oníṣòwò lè fara da owó ńlá tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, èyí tí ò mọ̀ ló ń pa á.

27 Fẹ́búárì ni CBN parí ìpàdé. Èlé tí gbogbo báńkì ń wò kó tó dá tiẹ̀, wọ́n gbé e láti 18.75% sí 22.75% lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n tún ní nínú ₦100 tí èèyàn bá fi pamọ́ sí báńkì, kí báńkì lọ fi ₦45 dé ọ̀dọ̀ àwọn, ₦32.50 ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Lójú ẹni tó ń tajà, ìyẹn lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Ohun tó ṣe nìyí o: náírà tó wà lọ́wọ́ báńkì dín kù, èyí tó kù wá wọ́n. Ẹni tó bá ní náírà wá ń rí èrè tó nítumọ̀ láì ra dọ́là. Ní Máàṣì treasury bill ọlọ́jọ́ 364 kọjá 21%. Àwọn onílé ìdókòwò láti òkèèrè náà rí i, wọ́n gbé dọ́là wọn wá wọ̀lú kí wọ́n lè fi ra bíìlì náírà. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ìpàdé yẹn kan náà ni CBN bẹ̀rẹ̀ sí í ta dọ́là fún àwọn BDC, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ tó gbàwé àṣẹ láti máa ṣẹ́ owó òkèèrè, ní ₦1,301. Ìpàdé 25 àti 26 Máàṣì, èlé tún lọ sí 24.75%, dọ́là BDC di ₦1,251. Ní 20 Máàṣì CBN kéde pé gbogbo gbèsè dọ́là tó tọ́ lára $7 bílíọ̀nù yẹn àwọn ti san án tán. Ní Éépírì wọ́n ta fún BDC ní ₦1,101, wọ́n tún tà á ní ₦1,021.

Gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́sàn-án lẹ́yìn tá a ra tiwa ní ₦1,850.

Ìpàdé 14 Éépírì, lẹ́yìn Sallah, ni mi ò fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́. Dọ́là wà ní bíi ₦1,150 nígboro. $2,700 wa ti di ₦3.1 mílíọ̀nù. Télọ̀ kan sunkún, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ẹ̀ wà níbẹ̀. Alága ò lè gbójú sókè. Àwọn kan ní ká tà á, àwọn kan ní ká dì í mú. Mo sọ ohun tí mo rò, mo ní owó àlejò ló já dọ́là wálẹ̀, àlejò tó wá torí èlé á lọ tó bá rí ibi tó dáa jù, tàbí tí bíìlì ẹ̀ bá pé, epo rọ̀bì wa ò sì tíì gbé dọ́là tó pọ̀ tó wálé láti rọ́pò ẹ̀. A wá pín in sí méjì. A ta $1,500 ní ₦1,130 fún àwọn tó nílò owó ilé ẹ̀kọ́, a pàdánù ₦1,080,000 lójú ẹsẹ̀. A fi $1,200 pamọ́. Kó tó di ìparí Méè dọ́là ti padà sókè súnmọ́ ₦1,500.

Bọ̀ọ̀dá ńkọ́? Ẹrù ẹ̀ dé Apo ní Máàṣì. Ó díye lé ṣọ́kù bí ẹni tó san ₦6.1 mílíọ̀nù ní èbúté, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó ṣe, àmọ́ ní Éépírì àwọn mẹkáníìkì dé, wọ́n ní "Ẹ̀gbọ́n, dọ́là ti wálẹ̀ o, ẹ ò gbọ́ ni?" Wọ́n ń wo iye dọ́là tòní, ẹrù tó sì ti san owó ibodè àná ló ń tà. Fún oṣù méjì gbáko páálí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó ń wá sọ́dọ̀ wa lóṣooṣù láti san díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ pa oṣù kankan jẹ.

Ohun kan ni mo wá rí lẹ́yìn náà nínú ìṣirò DMO fúnra wọn, ó sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tó ṣe Bọ̀ọ̀dá ló ṣe orílẹ̀-èdè yìí. Ní ìparí Dìsẹ́ńbà 2023 gbèsè tá a jẹ lókè òkun jẹ́ $42.50 bílíọ̀nù, ní náírà ₦38.22 tírílíọ̀nù. Ní ìparí Máàṣì 2024 gbèsè yẹn dín díẹ̀, ó di $42.12 bílíọ̀nù. Ní náírà ńkọ́? ₦56.02 tírílíọ̀nù. Gbèsè dín kù ní dọ́là, ó fi nǹkan bíi ₦18 tírílíọ̀nù pọ̀ sí i ní náírà, láàárín oṣù mẹ́ta. Gbogbo gbèsè wa pátá kúrò ní ₦97.34 tírílíọ̀nù ó di ₦121.67 tírílíọ̀nù. Ìjọba tó bá ń gba owó orí ní náírà tó sì jẹ gbèsè ní dọ́là, ipò kan náà ni òun àti ẹni tó ń ta páàdì ní Apo wà. Ó máa wá náírà púpọ̀ sí i, á gbé bọ́ǹdù jáde, èlé á lọ sókè, bọ́ǹdù Bàbá á wálẹ̀, ẹni tó fẹ́ yáwó fi ṣòwò ò ní rí yá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹ̀, àwa là ń gbọ́ ọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbèsè lórí rédíò, owó ibodè lẹ́nu ajẹ́ǹtì, dọ́là lẹ́nu Mallam.

Ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ní ṣíà báńkì náà jẹ nínú ẹ̀. Ọjà ṣíà l'Ékòó ti kọjá 100,000 nínú ìṣirò wọn ní Jánúárì 2024, inú ẹ̀ ń dùn, kí Éépírì tó parí ó ti padà sábẹ́ 100,000. Ní Máàṣì CBN ní kí báńkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkèèrè ní owó ìdásílẹ̀ ₦500 bílíọ̀nù, àwọn èèyàn sì ń bẹ̀rù pé báńkì máa ta ṣíà tuntun púpọ̀ kí wọ́n lè rí owó yẹn. Yàtọ̀ síyẹn, nígbà tí ìjọba ń san ju 20% láìsí wàhálà, ta ló fẹ́ fi owó sínú ṣíà? Òun ò tà á, ó ní òun ń dúró. Ó ṣe dáadáa.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí n parí ìṣirò náà. Ní Dìsẹ́ńbà 2024 a ta $1,200 tó kù ní ₦1,650, ₦240,000 la pàdánù níbẹ̀. Àpapọ̀ òfò dọ́là, ₦1,320,000. Ká ní a fi ₦4,995,000 yẹn ra treasury bill pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ ní 19% kan náà, èrè bíi ₦1.17 mílíọ̀nù là bá rí. Mo sì mọ̀ pé èrè yẹn pàápàá ò bá ọjà dọ́gba, owó ọjà fò ní 34.80% lọ́dún yẹn nínú ìṣirò ìjọba ti Dìsẹ́ńbà, ẹ̀wà tí Màmá ń rà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kò síbi téèyàn sá sí lọ́dún 2024 tí nǹkan ò bà á. Àmọ́ èyí tó bà wá jù, àwa la sáré lọ bá a, ọ̀sẹ̀ kan péré ṣáájú ìpàdé tí gbogbo ayé mọ déètì ẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá parí gbèsè ẹ̀ ní Jánúárì 2025. Òfin ọjọ́ 14 ti di ọjọ́ mẹ́ta fún ẹni tó bá ní ẹrù ní èbúté. Déètì ìpàdé CBN àti ọjọ́rú tí wọ́n ń ta treasury bill, mo kọ wọ́n sórí páálí funfun, ó wà lára ògiri kíláàsì nọ́sìrì yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ a, b, d tàwọn ọmọ.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì 2025, ₦5 mílíọ̀nù wọlé. Èrè ẹ̀, ₦947,400, a fi dí ihò dọ́là, ihò ṣì ku ₦372,600. Ẹgbẹ́ fẹnu kò pé ká má yọ ọ́ lára owó àwọn tó fẹ́ kúrò, ká pín in sórí èèyàn 34, ₦10,960 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Màmá Alákàrà tí kò fọwọ́ sí dọ́là láti ìbẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ san. Ó tú etí ìró, ó ka owó náà sórí tábìlì kékeré tàwọn ọmọ, ₦200, ₦500, òórùn òróró ṣì wà lára wọn, ó dúró títí mo fi kọ rìsíìtì fún un, ó ní "Akọ̀wé, kọ déètì ẹ̀ dáadáa."